Isaac Adaka Boro: Ọlọ́pàá tí ó Gbé Ìbọn sí Ìjọba

Nígbà kan, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìlú Ìwó ní àròkọ láti kọ nípa ẹnì kan tí ó dojú ìjà kọ ìjọba ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ nípa Ojukwu. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó mú Isaac Adaka Boro, ìlà méjì péré ni ó sì fi kádìí ìtàn rẹ̀: ó ṣe ọlọ́pàá, ó di ọlọ̀tẹ̀, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un, ó di ọ̀gá ọmọ-ogun, ó kú. Kò sí irọ́ nínú ohun tí ọmọ náà kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tò ó báyìí, ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé ọkùnrin náà kò mọ ohun tí ó ń fẹ́. Èrò tèmi yàtọ̀. Ohun kan náà ni Boro ń fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjọba ni ó ń pààrọ̀ ibi tí ó dúró sí.

Ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1938 ni wọ́n bí i ní Oloibiri, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kaiama ni ìlú wọn gan-an, ẹ̀yà Ìjọ̀ sì ni wọ́n, láàrin àwọn ìlú inú omi níbi tí Odò Ọya ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kí ó tó wọ inú òkun. Oloibiri yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Shell ti kọ́kọ́ kan epo rọ̀bì tí ó tó tà ní ọdún 1956. Boro kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí di ilẹ̀ olówó, àwọn tí ó ni ín kò sì rí owó náà.

Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, lẹ́yìn náà ni ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn òǹkọ̀wé a máa fo ibi yìí kíá, ṣùgbọ́n mo rò pé ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́pàá ni ojú tí tálákà fi ń rí ìjọba. Ẹni tí ó bá ti wọ aṣọ yẹn rí yóò mọ ibi tí agbára ìjọba ti lágbára, yóò sì mọ ibi tí ó ti fẹ́lẹ́. Láti ibẹ̀ ni Boro ti lọ sí Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, níbi tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́místírì tí ó sì di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn èyí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Yunifásítì Èkó.

Kí ni ó ń dùn ún? Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe sọ pé epo nìkan ni. Kí epo tó jáde rárá ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké pé bí àwọn òyìnbó bá lọ, abẹ́ àwọn ẹ̀yà ńlá ni àwọn yóò wà títí ayé. Ní ọdún 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan, tí Henry Willink ṣe alága rẹ̀, láti wádìí ẹ̀rù náà. Ìròyìn wọn jáde ní 1958. Wọ́n gbà pé ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù lásán, síbẹ̀ wọn kò fọwọ́ sí i pé kí a dá ìpínlẹ̀ tuntun kankan sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè kan ni wọ́n ní kí a dá sílẹ̀ fún àwọn ará inú omi. Ẹni tí ó ń wá ilé, agboòrùn ni wọ́n fún un! Nígbà tí ó di 1963, a yọ Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tiwa, ṣùgbọ́n a kò yọ ohunkóhun kúrò lára ti Ìlà-Oòrùn, níbi tí àwọn Ìjọ̀ wà lábẹ́ àwọn Ìgbò tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ.

Àwa ní Ìwó mọ bí ènìyàn ṣe ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn láìkúrò lójú kan. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wá ní 1967, a di ti Ọ̀yọ́ ní 1976, a sì di ti Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, 1991. Ìwé ni a fi bẹ̀bẹ̀, ẹnu ni a fi jà. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ọmọ ìyá wa ni àwọn tí a ń bá jiyàn, èdè kan náà ni a sì fi ń jiyàn ọ̀hún. Ipò Boro kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1966 àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n pa Balewa, Ironsi sì di olórí. Ọmọ Ìgbò ni Ironsi. Lójú Boro, ilẹ̀kùn tí ó ṣẹ́kù ti tì. Ó padà sílé, ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó kọ́ wọn ní ìjà nínú igbó. Wọn kò ju bí àádọ́jọ ènìyàn lọ. Samuel Owonaro àti Nottingham Dick ni igbákejì rẹ̀. Ọjọ́ 23, oṣù kejì, 1966 ni ó kéde Orílẹ̀-èdè Olómìnira ti Niger Delta. Ó ní gbogbo àdéhùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ti bá ìjọba ṣe ti di òfo, kí wọ́n wá bá òun ṣe tuntun. Àgọ́ ọlọ́pàá Yenagoa wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ kọlù. Wọ́n kó ìbọn ibẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti wọ aṣọ náà rí mọ ibi tí a ń kó ìbọn sí. Ọjọ́ méjìlá ni ìjà náà gbà kí ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ tó borí wọn. Àwọn kan kú. N kò rò pé ó yẹ kí a fi orin ìyìn bo ìyẹn mọ́lẹ̀; ẹni tí ó kó ọmọ ọlọ́mọ wọ inú omi pẹ̀lú ìbọn díẹ̀ ní ẹjọ́ láti rò.

Ó sì rò ó. Wọ́n gbé òun àti àwọn igbákejì rẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́, ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì dá ẹjọ́ ikú fún wọn. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Pàbó ni ó já sí. Ó ku okùn nìkan.

Ṣùgbọ́n ayé yí. Ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, Ìpínlẹ̀ Rivers sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọjọ́ 30 oṣù náà ni Ojukwu kéde Biafra. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí Boro ń bèèrè di òfin ìjọba àpapọ̀, ẹni tí ó sì fẹ́ gba ohun náà di ọ̀tá ìjọba. Gowon dárí jì í, Boro sì wọ iṣẹ́ ológun, ó di Mejọ. Kì í ṣe pé ó yí ọkàn padà: ìpínlẹ̀ ni ó ń jà fún nínú igbó Kaiama, ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni ó ń jà fún nínú aṣọ ológun. Abẹ́ Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò jìnnà sí wa níbí, ni ó ti jagun nínú àwọn odò tí ó mọ̀ bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko bàbá rẹ̀. Mo máa ń ronú lórí èyí: láàrin nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, ọwọ́ kan náà fi okùn lọ̀ ọ́, ó sì fi oyè kan èjìká rẹ̀.

Ọdún 1968 ni ó kú ní Ogu, lẹ́bàá Okrika, kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí irú ikú tí ó pa á. Èkó ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ òkú Ìkòyí, jìnnà sí ilẹ̀ tí ó torí rẹ̀ jà.

Ní ọdún 1996 ni a yọ Ìpínlẹ̀ Bayelsa kúrò lára Rivers. Àwọn Ìjọ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, Yenagoa sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ní 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ náà wú egungun Boro ní Ìkòyí, wọ́n gbé e lọ sílé pẹ̀lú ọlá, wọ́n sì tún un sin sí Yenagoa, ìlú tí ó ti kó ìbọn ọlọ́pàá lọ́dún 1966.