Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Fún Un Lésì

Orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ rédíò nígbà tó kọ́kọ́ dé kò tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ yẹ orúkọ yìí wò. Èmi kò rò pé ohùn tó ń ti inú àpótí jáde ló jọ wọ́n lójú jù. Ohun tó ṣe wọ́n ní kàyéfì ni ẹni tó wọlé onílé, tó sọ̀rọ̀ títí, tí kò sì dúró gba èsì. Bí ọmọ ènìyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wa, a ó ní wọn kò kọ́ ọ nílé.

Ìtàn èsì yẹn ni mo fẹ́ sọ díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni mo ti rí i.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ọ̀rọ̀ kiri ilé ní Èkó. Ní 1939 ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé fún onílé, ẹni tó bá gbà á a sì máa sanwó lóṣooṣù. Kò sí pé à ń yí i láti wá ibòmíràn gbọ́. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù bá sọ ni Èkó yóò gbọ́, ohun tó bá kù, ìyẹn kí ohùn ròkè tàbí kó rẹlẹ̀, ló wà lọ́wọ́ onílé.

Bàbá mi sọ fún mi pé nígbà èwe àwọn ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ àdúgbò a máa kóra jọ sábẹ́ fèrèsé ẹni tó ní àpótí. Ìlù ni ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀. Onílù ń fi ìlù pe orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ìlù? Ohun tí àwọn ọmọ Ìbàdàn gbọ́ ni, ‘Bólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?’ Wọn a sì máa fi ẹnu lù ú kiri òpópónà. Lójú tèmi, èsì àkọ́kọ́ nìyẹn.

Èsì kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro, ọmọ ọdún 29, dábàá ní Ilé Aṣòfin ní Èkó pé kí a máa ṣèjọba ara wa ní 1956. Ọ̀rọ̀ náà di rògbòdìyàn, àwọn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì bínú jáde. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì. Wọn kò fún un. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí Ìwọ̀-Oòrùn fi dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959. (A máa ń sọ pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, àwọn ará Mòrókò kò ní gbà fún wa.) Síbẹ̀, èsì àwọn àgbà nìyẹn. Ọmọ tó jókòó níwájú àpótí kò tíì rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Fóònù alágbèéká ló fún un lẹ́nu ní 2001, ẹnu náà sì wọ́n. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Bí o bá kàn ṣe ‘ẹ ǹlẹ́’ lásán, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ti lọ. Ó di 2003 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìṣẹ́jú-àáyá san án. Èmi ti wọ yunifásítì nígbà náà, owó ọwọ́ mi kò sì ju ti gàrí lọ. Ọgbọ́n tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ dá ni fílàṣì: o pè, ó dún, o yára pa á, kọ́bọ̀ kò lọ. Èmi àti ìyá mi ṣàdéhùn. Ẹ̀ẹ̀kan, mo ti dé láyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, owó ti tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ara mi kò yá. Ìyá mi a máa sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni fóònù òun mọ̀ jù. Lóru ọjọ́ kan tí ibà dá mi wó, mo fílàṣì ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí oòrùn tó mú, màmá ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá wa pẹ̀lú àgbo nínú kẹ́ẹ̀gì.

Àwọn olùkọ́ wa mọ̀ pé àrokò ni. Ẹni tó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ láyé àtijọ́, ó ní ọkàn òun fà sí i. Bí ó bá gba mẹ́jọ padà, ọ̀rọ̀ ti jọra. Iye ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ẹnu ni wọ́n ń yà. Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní àrokò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ṣe é, àwọn tó ṣe fóònù kò sì rò ó.

Ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde láti tako ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS, orí fóònù ni wọ́n ti ń dáwó, tí wọ́n ń wá agbẹjọ́rò fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ fún ẹni tó fara pa. Lálẹ́ ogúnjọ́ oṣù náà tí sójà yìnbọn ní Lẹ́kì, ayé ń wò ó láti ọwọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ti ojú òpó tí à ń pè ní Twitter nígbà náà pa, kò sì ṣí i títí di oṣù Kìíní 2022. Mo rántí Macpherson lọ́jọ́ náà.

Àbúrò mi obìnrin, tí kò tíì pé ogún ọdún, ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó tẹ ibi mélòó kan, ó dá a padà, ojú òpó náà sì ṣí. Mo bi í bó ti ṣe é. Ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, kí n ṣáà kọ ohun tí mo fẹ́ sọ.