Kì í Ṣe Gbogbo Irin Ni Òòfà Ń Fà

Lọ́dún tó kọjá, ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ MRI ni òṣìṣẹ́ kan ti dá màmá mi àgbà padà. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, dókítà sì fẹ́ rí àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ pé irin wà nínú orúnkún àwọn, ọ̀rọ̀ parí. Mo wá bi ara mi pé: níbo ni ìbẹ̀rù yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ó sì tọ̀nà?

Ìtàn méjì ló pàdé níbí. Ní 1962, John Charnley, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Wrightington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin àti ike líle ṣe oríkèé ìbàdí tuntun fún àwọn aláìsàn. Ike tó kọ́kọ́ lò tètè jẹ, ṣùgbọ́n ti 1962 pẹ́. Ní 1973, Paul Lauterbur ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí a ṣe lè fi òòfà ya àwòrán. Ní 1977, Raymond Damadian àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ya inú ara ènìyàn. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún.

Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Ní 1993, àwọn dókítà kọ̀wé nípa aláìsàn kan tó kú, nítorí pé òòfà ẹ̀rọ náà yí irin kékeré tí wọ́n fi há iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ rẹ̀ nípò. Ṣùgbọ́n irú irin tí òòfà ń fà nìyẹn. Titanium àti àdàlù cobalt òun chromium, tí wọ́n sábà fi ń ṣe oríkèé, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ti wọnú egungun ṣinṣin. Wàhálà tiwọn ni pé wọ́n ń ba àwòrán jẹ́: gbogbo àyíká irin náà á dúdú, á sì wọ́.

Ní 2010, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ nípa oríkèé ìbàdí tí irin ti ń ha irin, nítorí pé ẹ̀rúnrún rẹ̀ ń ba ẹran ara jẹ́. Àwọn onírin gan-an ló wá nílò àwòrán jù! Ó dára pé ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti gbé ọgbọ́n tuntun méjì jáde, SEMAC àti MAVRIC, tó ń dín òkùnkùn àyíká irin kù.

Bàbá mi wá ìwé iṣẹ́ abẹ màmá àgbà jáde, níbi tí wọ́n kọ orúkọ irin náà sí. Ilé ìwòsàn mìíràn kà á dáadáa, wọ́n sì ya àwòrán ẹ̀yìn wọn. Ó mọ́ kedere, nítorí pé orúnkún jìnnà sí ẹ̀yìn.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé ìbẹ̀rù tó gba ẹ̀mí ẹnì kan là lè dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwòsàn, bí a kò bá béèrè pé irú irin wo ni. Ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú ìwé iṣẹ́ abẹ àwọn òbí wa. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.