Irin Tó Gbapò Ósímíọ̀mù

Lọ́jọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1909, àwọn èèyàn iléeṣẹ́ BASF kúrò ní Ludwigshafen, wọ́n forí lé ìlú Karlsruhe ní Jámánì láti wo ẹ̀rọ kan tí Fritz Haber àti Robert Le Rossignol ṣe. Haber sọ pé òun lè fi afẹ́fẹ́ ṣe amóníà, èròjà tí ajílẹ̀ ti ń wá. Àfi bí ẹ̀rọ náà ṣe dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú àwọn àlejò. Carl Bosch, ọ̀kan nínú wọn, kò lè dúró, ó padà sílé. Alwin Mittasch ló dúró. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe tán, ojú rẹ̀ ló ṣe tí amóníà ń kán tó, tó, tó.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà náà, ilẹ̀ Chile ni àwọn ará Yúróòpù ti ń ra iyọ̀ tí wọ́n ń lò bí ajílẹ̀, tí wọ́n sì tún fi ń ṣe ohun abúgbàù. Ní 1898, onímọ̀ kẹ́mísírì William Crookes ti kìlọ̀ ní Bristol pé ti Chile kò lè tó lọ títí, pé ìyàn ń bọ̀ wá bá àwọn tí àlìkámà jẹ́ oúnjẹ wọn. Bẹ́ẹ̀, náítírójìn tí ohun ọ̀gbìn ń fẹ́ kún ojú òfuurufú: ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n méjì-méjì ló so mọ́ra, ìdè rẹ̀ sì yi. Ohun tí yóò tú ìdè yẹn kí háídírójìn lè ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní kátálísìtì. Bí alárenà ló rí: ó mú àwọn méjì mọ ara wọn, ó sì yẹra.

Ósímíọ̀mù ni Haber lò bí kátálísìtì. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n ju wúrà lọ. Gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ aráyé nígbà náà kò ju nǹkan bí i 100 kílógíráàmù lọ. Bí wọ́n bá yọ́ ọ pọ̀, kò lè kún korobá kan. Bí afẹ́fẹ́ bá sì kàn án nígbà tó gbóná, á di oró tó ń fò lọ. Yùréníọ̀mù náà ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́. Ta ló fẹ́ fi èyí bọ́ ayé?

Mittasch ni Bosch gbé ìwádìí ohun tó lè rọ́pò wọn lé lọ́wọ́. Tíṣà ni Mittasch kó tó di onímọ̀ kẹ́mísírì, sùúrù tíṣà ló sì fi ṣe é. Wọ́n kọ́ àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó jẹ́ pé gíráàmù méjì péré ló ń wọnú rẹ̀, tí wọ́n lè tètè yọ èyí tó kùnà kí wọ́n ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ogúnlọ́gọ̀ wọn ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Irin tó mọ́ gaara kò ṣe nǹkan gidi. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1909, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ mú òkúta irin kan tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, èyí tí wọ́n wà jáde ní Gällivare lápá àríwá Sweden, ó ki í bọ ẹ̀rọ. Amóníà jáde dáadáa! Wọ́n wá òkúta irin láti ibòmíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Mittasch ti fura pé kì í ṣe irin nìkan ló ń ṣiṣẹ́, pé ìdọ̀tí tó wà nínú òkúta Gällivare náà lọ́wọ́ sí i.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan kún irin mímọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èròjà alumíníọ̀mù kì í jẹ́ kí wóró irin lẹ̀ pọ̀ nínú ooru. Pọtásíọ̀mù ń fún irin lágbára láti tú náítírójìn. Nígbà tó fi di 1912, nǹkan bí i 2,500 èròjà ni wọ́n ti gbé wò nínú ìdánwò bí i 6,500. Iṣẹ́ yìí ló wúni lórí jù nínú ìtàn náà, òun náà sì ni wọ́n kì í sábà sọ.

Bosch ní ìṣòro tirẹ̀: háídírójìn ń wọ inú ara irin líle, ẹ̀rọ ń bẹ́. Ó fi irin rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀, ó lu ihò sára ti ìta kí háídírójìn lè ráyè jáde. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913, iléeṣẹ́ Oppau bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọdún kejì ni Ogun Àgbáyé Kìíní dé. Amóníà tó yẹ kó bọ́ oko di ohun abúgbàù, Haber fúnra rẹ̀ sì ṣe kòkáárí gáàsì olóró tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Ypres ní oṣù Kẹrin 1915. Ní 1921, ajílẹ̀ tí wọ́n kó jọ ní Oppau bú gbàmù, ó pa èèyàn tó lé ní 500. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn irin yìí kó fo èyí.

Irin ṣì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ amóníà ń lò títí dòní, ajílẹ̀ tó sì ń ti ara amóníà wá ló ń gbé nǹkan bí ìdajì oúnjẹ aráyé ró. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote, tí wọ́n ṣí ní 2022, láti máa ṣe mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún. Amóníà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe kó tó di yúríà. Irin kò wọ́n, àmọ́ gáàsì ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú háídírójìn ti ń wá, èéfín rẹ̀ kò sì kéré. Lẹ́yìn amóníà, àwọn bí Paul Chirik ní Yunifásítì Princeton ti ń wá bí irin àti kóbáàtì yóò ṣe rọ́pò àwọn irin olówó gọbọi nínú ṣíṣe àwọn èròjà kẹ́mísírì mìíràn. Ọ̀nà Mittasch ni wọ́n ń tọ̀.

Haber gba ẹ̀bùn Nobel ti 1918, Bosch gba ti 1931. Gerhard Ertl gba ti 2007, ara ohun tó sì ṣàlàyé ni bí náítírójìn ṣe ń túra ká lórí irin. Mittasch kú ní 1953, kò gba ọ̀kan. Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísírì, bí ẹ bá ń dárúkọ Haber àti Bosch fún àwọn ọmọ, ẹ dárúkọ rẹ̀ mọ́ tiwọn.