Ìtàn Ìṣirò Tó Gbé Ilé Wa Ró

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn níbi àpéjọ wa, ti àwọn ọba, ti ogun àti ti bí àwọn bàbá wa ṣe dé ìlú tí a ń gbé yìí ni a sábà máa ń sọ. Ìtàn mìíràn wà tó kan gbogbo wa, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni a ń sùn lálaalẹ́. Òun ni ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe mọ ìwọ̀n ẹrù tí òpó kọ̀ọ̀kan ń gbé nínú ilé. Ọ̀nà ìṣirò tí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ìkọ́lé ń kọ́ ní yunifásítì ni a ń pè ní stiffness method. Stiffness ni bí nǹkan ṣe le tó, tí kì í fi í tètè tẹ̀ bí ẹrù bá gorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi pákó ṣe àpẹẹrẹ, kí á sì yọ ìwọ̀n pákó náà fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì tẹ́ ẹrù 16 kílò sí i lórí ní dọ́gbadọ́gba, ọmọdé mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan gbé kílò 8. Bí ẹ bá wá ki búlọ́ọ̀kù kẹta bọ àárín gan-an ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yóò ní kí á pín in sí mẹ́ta ọgbọọgba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ga dọ́gba, tí wọn kò sì rì, ti àárín yóò gbé kílò 10, àwọn méjì tó kù yóò gbé kílò 3, 3. Bí ti àárín bá rì díẹ̀ sínú ilẹ̀, ẹrù yóò ṣí lọ sórí àwọn tó kù. A kò lè mọ ìpín yìí àfi bí a bá mọ bí pákó náà ṣe ń tẹ̀. Ilé sì ju pákó kan lọ.

Ní 1678, Robert Hooke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé bí agbára tí a fi fa sípíríǹgì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe nà tó. Ní 1826, Navier, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ìmọ̀ yìí dá ọgbọ́n kan: dípò kí ó kọ́kọ́ wá agbára inú irin kọ̀ọ̀kan, ó wá bí oríkèé tí àwọn irin náà ti pàdé ṣe sún tó. Bí a bá ti mọ ìyẹn, agbára inú irin kọ̀ọ̀kan yóò fara hàn. Ní 1926, Asger Ostenfeld ti Denmark kọ odidi ìwé lórí ọ̀nà yìí.

Ọgbọ́n náà dára, iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù. Nínú férémù pẹlẹbẹ, oríkèé kan lè sún sí ẹ̀gbẹ́, ó lè sún sókè tàbí sísàlẹ̀, ó sì lè yí. Oríkèé 10 á di ohun àìmọ̀ 30 tí a gbọ́dọ̀ wá pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1930, Hardy Cross, olùkọ́ ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ olójú ìwé 10 tó mú ìdẹ̀rùn wá. Ó ní kí á ti gbogbo oríkèé pa, kí á máa tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á sì pín ohun tó ṣẹ́ kù fún òpó àti bíìmù tó pàdé níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí líle kálukú wọn. Bí a bá ṣe é yíká ní ìgbà mélòó kan, ìdáhùn yóò dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹnjiníà fi lo ọ̀nà yìí fún ilé gogoro.

Bàálù ló tún yí nǹkan padà. Ní 1953, ìyẹ́ bàálù onígun mẹ́ta fẹ́ ṣòro fún ìṣirò àtijọ́ ní ilé iṣẹ́ Boeing. M. J. Turner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Ray Clough ti Yunifásítì California ní Berkeley wà lára wọn, gé ìyẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ nínú ìṣirò. Wọ́n wá líle ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ sínú àtẹ nọ́ńbà kan tí kọ̀ǹpútà lè tú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1956. Edward Wilson, ẹni tí Clough kọ́, gbé ètò kọ̀ǹpútà SAP jáde ní 1970. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ń lò lónìí.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí. Bí a bá sọ fún un pé òpó àárín kò ní rì, yóò gbà bẹ́ẹ̀, yóò sì gbé ìdáhùn tó dán jáde. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ṣe é ná, kí ó lè dá èké mọ̀ bí ó bá rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, Èkó, ẹ̀mí tó sì lọ lé ní 40. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Keje 2024, ilé ẹ̀kọ́ kan wó lu àwọn ọmọ ní Jos, èèyàn 22 sì kú. Kì í ṣe àìmọ ìṣirò nìkan ló ń wó ilé. Simẹ́ńtì tí kò tó, irin tó tín-ín-rín, àti àjà tí a fi kún ilé lẹ́yìn tí ìwé ti jáde, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ ìṣirò ẹnjiníà di ti ilé mìíràn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń fi òru jókòó ti àtẹ nọ́ńbà yìí, ẹ fún un ní iná àti àyè. Ẹ̀yin onílé, àti ẹ̀yin tó ń mójú tó kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti gbọ̀ngàn, ẹ béèrè ìwé ìṣirò lọ́wọ́ ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, kí ẹ sì pè é padà kí ẹ tó yọ ògiri tàbí kí ẹ tó fi àjà kún un. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.