Nígbà Tí Ohùn Kò Tó Ẹ̀rí Mọ́: Jìbìtì Ìdánimọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn tí onílé sì béèrè pé ta ni, ìdáhùn tí ó sábà máa ń fọ̀ ni pé, “Èmi ni.” Kì í dárúkọ. Onílé mọ ohùn ọmọ rẹ̀, ó mọ ti aládùúgbò rẹ̀, yóò sì ṣílẹ̀kùn láìfòyà. Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí, àwọn oníjìbìtì ti rí ọ̀nà láti jí ohùn ènìyàn lò, àti láti fi ojú rẹ̀ hàn nínú fídíò tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe. A fẹ́ ṣàlàyé bí jìbìtì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ìdílé àti ìjọ lè ṣe láti dáàbò bo ara wọn.

Kí Ni Jìbìtì Ìdánimọ̀?

Jìbìtì ìdánimọ̀ ni kí ènìyàn fi orúkọ, nọ́ńbà, àwòrán tàbí ohùn ẹlòmíràn bojú, kí ó lè gba owó tàbí àǹfààní tí kò tọ́ sí i. Kì í ṣe ohun tuntun. Àwa ọmọ Nàìjíríà ti mọ 419 tipẹ́, orúkọ tí a mú láti inú abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn. Lẹ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, lẹ́yìn náà ni ímeèlì dé. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á lè fura, nítorí pé àṣìṣe èdè sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Àmì yẹn ti ń parẹ́. Ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, àwòrán àti ohùn kọ́, lè kọ lẹ́tà tí kò lábùkù ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Microsoft ṣàlàyé nípa VALL-E, ètò tí ó lè sín ohùn ènìyàn jẹ lẹ́yìn tí ó bá gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 péré. Microsoft kò fi í lé gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ètò mìíràn tí ó jọ ọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwàásù tí a gbé sórí Facebook, fídíò ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, ohùn tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: gbogbo wọn ni ó máa ń gùn ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ.

Ibi Tí Ó Ti Ṣẹlẹ̀

Kò sí ẹnu iṣẹ́ tí jìbìtì yìí kò kàn. Ní ọdún 2019, ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ lórí fóònù ohùn ẹni tí ó rò pé ó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ àgbà wọn ní Jámánì. Ó fi owó Yúrò 220,000 ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohùn náà ti pàṣẹ. Ẹ̀rọ ni ó sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn olùdìbò ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà gba ìpè nínú èyí tí ohùn tí ó jọ ti Ààrẹ Joe Biden ti ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní oṣù Kejì ọdún kan náà, àjọ ìjọba tí ó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀ kéde pé ó lòdì sí òfin láti fi irú ohùn àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀ pe aráàlú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, KnowBe4, ilé iṣẹ́ tí ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ṣe ń ṣọ́ra fún jìbìtì, kéde pé òun gba òṣìṣẹ́ kan tí kì í ṣe ẹni tí ó pe ara rẹ̀. Ará Àríwá Kòríà ni, ó ń lo ìdánimọ̀ tí a jí lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwòrán tí a fi ọgbọ́n àtọwọ́dá tún ṣe. Ìgbà 4 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí fídíò kí wọ́n tó gbà á.

Nílé wa pẹ̀lú, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ EFCC kó afurasí 792 nínú ilé ńlá kan ní Victoria Island, Èkó. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n ń fi ayédèrú ìdánimọ̀ àti ẹ̀tàn ìfẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun.

Àwọn àgbà ni ó ń fara gbá a jù. Nínú ìròyìn àjọ FBI ti ọdún 2024, owó tí àwọn ènìyàn sọ pé àwọn pàdánù sínú ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ dọ́là bílíọ̀nù 16.6. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 5 nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn tí ó ti lé ní ẹni 60 ọdún.

Ibi Tí Ẹ̀tàn Ti Ń Borí

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí a fẹ́ kí a wò dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka Hong Kong ti ilé iṣẹ́ ẹnjiníà Arup gba ímeèlì pé ọ̀gá tí ó ń bójú tó owó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ó san owó kan ní ìkọ̀kọ̀. Ó kọ́kọ́ fura. Wọ́n wá pè é sí ìpàdé orí fídíò. Ó rí ọ̀gá náà, ó rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ohùn wọn, ìfura rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ìgbà 15 ni ó fi owó ránṣẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 25 ti Amẹ́ríkà. Gbogbo ojú tí ó rí nínú ìpàdé náà, ayédèrú ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Isaaki yóò rí i pé ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ohùn tí ó gbọ́ kò bá ti Esau mu, ó sì fura. Ṣùgbọ́n ara Jakọbu, ẹni tí ó ń fura sí, ni ó ti wá ẹ̀rí: ó fọwọ́ kan awọ ewúrẹ́ tí Rebeka fi bo ọwọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn aṣọ Esau lára rẹ̀, ó sì súre. Kò rán ẹnikẹ́ni lọ wo ibi tí Esau wà.

Ìyẹn ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ìfura nìkan kò tó. Bí a bá ń fura sí ẹnìkan, kí a má ṣe gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni náà fúnra rẹ̀. Ibòmíràn ni kí a ti wá a.

Ohun Tí A Lè Ṣe

Bí ohùn ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí pásítọ̀ bá béèrè owó lójijì, ẹ fi fóònù náà sílẹ̀, kí ẹ sì pe onítọ̀hún padà lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí nọ́ńbà náà kò bá lọ, ẹ pe ẹlòmíràn tí ó wà nítòsí rẹ̀. Oníjìbìtì máa ń fẹ́ kí a kánjú, kí a má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí wọn kò kọ síbì kankan, tí ẹni tí ó bá wà nínú wàhálà yóò sọ. Oríkì ìdílé kò dára fún un, nítorí pé a ti kí i ní gbangba nínú ọ̀pọ̀ fídíò ìgbéyàwó.

Ẹ má ṣe sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì yín, tàbí nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá pè. Ẹ ṣọ́ BVN àti NIN yín pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ni a fi ń dá ènìyàn mọ̀ ní báǹkì àti lọ́dọ̀ ìjọba.

Ní ti ìjọ, kí a kéde ní gbangba pé pásítọ̀ kì yóò béèrè ọrẹ tàbí àwìn lórí WhatsApp. Bí nọ́ńbà àkáǹtì ìjọ bá yí padà, kí akápò àti àwọn alàgbà jùmọ̀ kéde rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Ẹnìkan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ní agbára láti sanwó jáde.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ pe báǹkì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá tàbí EFCC létí. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí a ṣàtúnṣe sí ní ọdún 2024, ka jíjí ìdánimọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó dákẹ́ nítorí ìtìjú, olè náà sì kọjá sí ilé kejì. Kí ìjọ má ṣe fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ó gbọ́n tí wọ́n sì kàwé ti kó sínú pańpẹ́ yìí, ẹni tí ó bá sì sọ tirẹ̀ jáde ti gba aládùúgbò rẹ̀ là.