Àgbákò Lórí Aṣọ Funfun: Ìrètí àti Ìfòyà Òǹkàwé nígbà tí Ìwé Ìtàn Irúnmalẹ̀ Bá Di Eré

Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ọ̀rọ̀ nìkan ni ó fi lé òǹkàwé lọ́wọ́. Ó sọ pé ojú mẹ́rìndínlógún ni Àgbákò ní, ṣùgbọ́n bí àwọn ojú náà ṣe ń ṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń wo ọdẹ tí ó dúró níwájú wọn, òǹkàwé ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ yà á. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ka ìwé náà lábẹ́ àtùpà ya iwin tirẹ̀, ó sì gbé àwòrán náà dàgbà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sọ ìwé tí ó fẹ́ràn di eré, inú rẹ̀ a dùn, àyà rẹ̀ a sì tún já. Ó ti ní fíìmù tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ti ẹlòmíràn yóò pa á rẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka ìfòyà yìí sí ọ̀rọ̀ àwòrán nìkan: ṣé iwin náà yóò dẹ́rù bani, àbí yóò pani lẹ́rìn-ín? Bí a bá tọ ipasẹ̀ bí ìwé iwin ṣe ń di eré láàrin Yorùbá láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ohun mìíràn ni yóò hàn. Ohùn ni ọ̀rọ̀ wà. Ta ni yóò sọ ìtàn náà, èdè wo ni yóò fi sọ ọ́, etí ta ni wọ́n sì pète rẹ̀ fún?

Ọdún 1963 ni ó yẹ kí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé Ọ̀mùtí sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Inú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952 ni wọ́n ti fa eré náà yọ, Demas Nwoko sì ni ó ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé fún un. A mọ ohun tí ojú Tutùọlá rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilé rẹ̀ ní àkókò náà. Bí àwọn òyìnbó ti ń yìn ín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Nàìjíríà kan ń tijú nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Wọ́n ní kò gún, pé ó ń dójú ti ìlú. Àwọn mìíràn fẹ̀sùn kàn án pé inú àwo Fágúnwà ni ó ti ń bù jẹ. Àmọ́ nígbà tí Ògúnmọ́lá àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ fi Yorùbá kọ ọ́ lórin, tí wọ́n sì fi ìlù gbé e lẹ́sẹ̀, ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì kú. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tijú sí mọ́. Ìtàn tí ó ti inú èrò Yorùbá lọ sí inú Gẹ̀ẹ́sì padà wálé, àwọn ènìyàn tí kò lè ka ojú ìwé kan nínú Tutùọlá sì mọ ọ̀mùtí bí ẹni mọ ará àdúgbò wọn. Wọ́n tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé, oríkì ńlá ni ọkùnrin náà fi ń pe ara rẹ̀. Lórí ìtàgé, Láńkẹ́ ni. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé náà lè sọ pé ohun kan sọnù níbẹ̀, nítorí ọkùnrin tí ń jẹ́ Láńkẹ́ ti di ọmọ ẹnìkan, ó ti kúrò ní abàmì tí kò ní ìdílé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí gbà pọ̀ ju èyí tí ó sọnù lọ, ẹgbẹ́ náà sì gbé eré yìí dé Àlùjíà fún àjọ̀dún àṣà ilẹ̀ Áfíríkà ti ọdún 1969.

Lángbòdó gba ọ̀nà òdìkejì. Wálé Ògúnyẹmí ni ó kọ ọ́ láti inú Ògbójú Ọdẹ, Dàpọ̀ Adélùgbà ni olùdarí, òun sì ni eré tí ó ṣojú Nàìjíríà ní FESTAC ní Èkó ní ọdún 1977. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Ó yéni ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀: àlejò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó wà nínú gbọ̀ngàn, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ìrìn-àjò àwọn ọdẹ sí Òkè Láńgbòdó di àwòrán orílẹ̀-èdè tí ń wá ọ̀nà àlàáfíà. Àwọn ọdẹ wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, àwọn iwin náà wà. Fágúnwà ni a kò rí.

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ àlàyé. Kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan ni ó mú kí ènìyàn fẹ́ràn ìwé Fágúnwà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà wà nínú àlọ́ tí gbogbo ilé ń pa. Ọ̀nà tí ó ń gbà sọ̀rọ̀ ni: bí ó ti ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ títí gbólóhùn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wó, bí ó ti ń dá ìtàn dúró láti bá òǹkàwé wí bí bàbá ti ń bá ọmọ wí, bí ó ti ń sọ ènìyàn lórúkọ tí orúkọ náà sì jẹ́ ìtàn fún ara rẹ̀. Akàrà-ogún ń sọ̀rọ̀, akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń pé lé wọn lórí láti gbọ́. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà ní ọdún 1968, kò gbìyànjú láti tẹ̀lé e ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wá Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè pariwo bí Yorùbá Fágúnwà ti ń pariwo, àwọn kan sì ń bá a jiyàn títí di òní lórí bí irúnmalẹ̀ ṣe di daemons. Bí ìtumọ̀ láti inú ìwé sí inú ìwé bá fa irú iyàn báyìí, kí ni kámẹ́rà yóò ṣe sí gbólóhùn tí ó gùn tó ìdajì ojú ìwé? Kámẹ́rà kò ní ètè. Ó lè fi igbó hàn, ó lè fi kùmọ̀ Kàkò hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ìgbádùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ hàn, àfi bí olùdarí bá gbà kí ẹnìkan jókòó, kí ó sì máa sọ̀rọ̀.

Fíìmù Yorùbá fúnra rẹ̀ kò sá fún ìwé nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976. Nígbà tí ó di 1979, òun àti Adé Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, gbé Ìjà Òmìnira jáde láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí. Ìtàn ìjà àwọn tí a mú sìn ni èyí, kò ní iwin nínú. Ẹni tí ó fi agbára àìrí hàn lórí aṣọ funfun ni Hubert Ògúndé nínú Ayé àti Jáiyésinmi, àwọn òǹwòran sì ya lọ wò wọ́n. Àwọn fíìmù wọ̀nyí fi hàn pé òǹwòran Yorùbá kò béèrè pé kí àjẹ́ rí bí òótọ́ lójú ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ó tó fún un bí òṣèré bá mọ ọfọ̀ pè. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohùn lè gbé ohun tí owó kò ká, àmọ́ àwọn tí ó wá lẹ́yìn kò kà á sí tó bí ó ti yẹ.

Owó ni ó dá iṣẹ́ náà dúró. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, nígbà tí náírà sì já wálẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé e, ó di fídíò. Inú fídíò yìí ni Túndé Kèlání ti sọ Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá di eré ní ọdún 1997, ìwé tí ó ti jáde láti 1974. Àwọn tí wọ́n ti ka ìwé náà nígbà ọ̀dọ́ gba eré náà tọwọ́tẹsẹ̀, ìró kúkúrú àti bùbá inú rẹ̀ sì padà di àṣà, tí àwọn aránṣọ ń pè ní Ólekú. Ìwé ìfẹ́ rọrùn fún irú èyí: a lè rán aṣọ Àjàní àti Àṣàkẹ́. Kò sí aránṣọ tí yóò rán Àgbákò.

Kọ̀ǹpútà ti ń yí èyí padà. Ní ọdún 2022, Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé Aníkúlápó jáde, ẹyẹ àkàlà tí ń jí òkú sì fò nínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Ẹlẹ́ṣin Ọba ti Biyi Bándélé jáde, tí eré Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ìwé ìtàn àròsọ nínú méjèèjì, síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ Fágúnwà rí i níbẹ̀ pé èdè kò ní láti jẹ́ ìdènà mọ́.

Ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbóná jù lọ ní báyìí kò ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Tomi Adéyẹmí, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọn kò sì kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Yorùbá, tẹ Children of Blood and Bone jáde ní oṣù kẹta ọdún 2018. Salvador ní Brazil ni ó ti kọ́kọ́ rí àwòrán àwọn òrìṣà tí ó ru èrò rẹ̀ sókè. Ikú àwọn èwe aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ni ó sì sọ pé ó mú kí òun kọ ọ́. Wọ́n ti ra ẹ̀tọ́ fíìmù rẹ̀ kí ìwé tó jáde. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́: Fox, Disney tí ó ra Fox, kí ó tó dé Paramount ní ọdún 2022, tí Gina Prince-Bythewood sì di olùdarí. Oṣù kìíní ọdún 2027 ni wọ́n dá fún un.

Nígbà tí wọ́n kéde àwọn òṣèré ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ariwo sọ. Thuso Mbedu láti Gúúsù Áfíríkà ni yóò ṣe Zélie. Àwọn kan béèrè ibi tí àwọn òṣèré Nàìjíríà wà. Àwọn mìíràn ní àwọ̀ Amandla Stenberg mọ́lẹ̀ jù fún Amari, nínú ìwé tí ó bá ìbóra wí. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ Richard Mofe-Damijo àti Ayra Starr wọlé, ariwo sì rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀dùn wọn tọ́. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tí ó wà nílé ní ẹ̀dùn tí ó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Nínú ìwé náà, Ìlọrin jẹ́ abúlé tí ó léfòó lórí òkun, ohun tí ó ń pa ará Ìlọrin lẹ́rìn-ín. Èkó ni olú-ìlú ọba. Orúkọ wa ni, ilẹ̀ mìíràn ni. Òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ sí èyí, Fágúnwà náà kò ya máàpù Igbó Irúnmalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Yorùbá ni Zélie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pe ọfọ̀. Lórí ìwé, òǹkàwé ará Chicago lè fi ojú fò ó, kí ó sì máa lọ. Nínú fíìmù, ẹnu kan ní láti sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, ní etí àwọn tí Ògúndé ti pe ọfọ̀ fún rí. Súlù, èdè abínibí Mbedu, jẹ́ èdè olóhùn pẹ̀lú. Bí yóò ṣe dún ní Ìlọrin tí kò ní òkun ni ọ̀pọ̀ ń dúró gbọ́.