Wàlíù Bàdàrú: ọwọ́ ọmọ wa nínú orin tí gbogbo ayé ń jó sí

Ìtàn olórin kan ni a gbé wá lónìí. Olórin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó máa ń dúró níwájú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí rédíò, ẹ sì ti jó sí i, láìmọ̀ pé ọmọ wa láti Benin ni ẹni tó ń tẹ dùùrù náà.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Waliou Jacques Daniel Isheola Badarou. Wally Badarou ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ẹ fi etí Yorùbá gbọ́ orúkọ náà: Wàlíù Bàdàrú. Ta ni kò ní Wàlíù kan ládùúgbò rẹ̀? Isheola tó wà láàárín náà, ọlá ilé Yorùbá ló wà nínú rẹ̀, kò nílò ògbufọ̀. Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1955, ṣùgbọ́n Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, ni ẹbí rẹ̀ ti wá.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló pa pọ̀. Àkọ́kọ́, ó jẹ́ ẹni tí wọ́n ń háyà. Olórin tó bá fẹ́ ṣe àwo yóò pè é wá sí sítúdíò, yóò bá a tẹ dùùrù sí orin rẹ̀, wọn yóò sanwó fún un, yóò sì máa lọ. Èkejì, òun fúnra rẹ̀ ń ṣẹ̀dá orin. Ẹ̀kẹta, ó jẹ́ pirodúsà, ìyẹn ẹni tó ń darí iṣẹ́ àwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pirodúsà ni yóò sọ pé kí wọ́n tún ibí yìí ṣe, kí ìlù rọlẹ̀ díẹ̀, kí ohùn akọrin jáde dáadáa. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ ni owó orí wọn náà kò dọ́gba. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ owó yìí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn kò ṣàjèjì sí wa nílé. Nígbà tí Mélomé Clément dá Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou sílẹ̀ ní ọdún 1968, kì í ṣe orin tiwọn nìkan ni wọ́n ń ṣe. Bí akọrin kan bá ní orin ṣùgbọ́n tí kò ní ẹgbẹ́, àwọn ni wọ́n ń bá a wọ sítúdíò. Gìtá Bernard Zoundégnon, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Papillon, wà nínú ọ̀pọ̀ àwo tó jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ gàdàgbà sójú páálí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Albarika Store, tí Adissa Seidou dá sílẹ̀, gbé púpọ̀ nínú àwo wọn jáde, wọ́n sì máa ń sọdá ẹnubodè lọ sí sítúdíò EMI ní Èkó láti gba orin sílẹ̀. Iṣẹ́ kan náà tí Papillon ń fi gìtá ṣe láàárín Kútọnu àti Èkó ni Badarou lọ fi dùùrù ṣe lókè òkun.

Dùùrù wo ni? Ní ọdún 1978, ilé iṣẹ́ Sequential Circuits ní Amẹ́ríkà gbé dùùrù oníná kan jáde tí wọ́n pè ní Prophet-5. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ irú dùùrù bẹ́ẹ̀ kì í mú ju ohùn kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá sì yí àwọn kókó rẹ̀ títí tí o fi rí ohùn tó dùn, tí o bá tún un yí, ohùn ti àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn. Prophet-5 ń mú ohùn márùn-ún jáde pọ̀, ó sì ń rántí ohùn tí o bá fi pa mọ́ sínú rẹ̀. Badarou mọ ohun èlò yìí lò débi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́: Prophet, ìyẹn Wòlíì. Ẹni tí wọ́n sọ ní Wàlíù nílé, òyìnbó tún sọ ọ́ ní Wòlíì lóko.

Ọdún 1979 ni iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kan gbogbo ayé. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Robin Scott, tó ń fi M ṣe orúkọ lórí àwo, ṣe orin kan tí ń jẹ́ “Pop Muzik”. Orin náà gun ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Badarou ló tẹ dùùrù sí i. Nínú iṣẹ́ M yìí ni ó ti bá onílù kan pàdé, Phil Gould. Phil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ Level 42 sílẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí á fi Level 42 sílẹ̀ díẹ̀, a ń bọ̀ lórí wọn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Chris Blackwell ránṣẹ́ pè é. Blackwell ni olówó Island Records, ilé iṣẹ́ tó gbé Bob Marley dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Ó ní sítúdíò kan ní ìlú Nassau, ní erékùṣù Bahamas, tí ń jẹ́ Compass Point. Ó fẹ́ kó àwọn ọlọ́wọ́ dídùn jọ síbẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé olórin yòówù tó bá dé yóò bá ẹgbẹ́ tó ti múra sílẹ̀. Ó mú Sly Dunbar wá fún ìlù, Robbie Shakespeare fún gìtá béèsì, Mikey Chung àti Barry Reynolds fún gìtá, Uziah “Sticky” Thompson fún àwọn ìlù ọlọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Jàmáíkà. Ọmọ wa láti Benin ni ó jókòó sídìí dùùrù.

Grace Jones, obìnrin Jàmáíkà, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún: Warm Leatherette ní 1980, Nightclubbing ní 1981, Living My Life ní 1982. Bí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ nígbà yẹn dà bí iṣẹ́ aṣọ òfì. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀ lórí téèpù, bí àwẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan ti ń dá jáde lórí òfì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odindi aṣọ. Nítorí náà, ẹni tó tẹ dùùrù lè fi ohùn kan sí i lónìí, kí ó tún padà wá lọ́la láti fi òmíràn sí i, kí ó sì yọ èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹ tún “Pull Up to the Bumper” gbọ́, ẹ óò rí i pé bí ó ti mọ ibi tó yẹ kí ó dákẹ́ náà ni ó mọ ibi tó yẹ kí ó ti fọhùn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é káàkiri. Ó wà nínú àwo Joe Cocker tí ń jẹ́ Sheffield Steel ní 1982. Ó wà nínú Speaking in Tongues ti Talking Heads ní 1983, nínú She's the Boss ti Mick Jagger àti Riptide ti Robert Palmer ní 1985. Ó ṣe orin fún sinimá Countryman ní 1982, ó sì wà lára àwọn tó ṣe orin Kiss of the Spider Woman ní 1985. Nígbà tí Faransé ń ṣe ayẹyẹ igba ọdún ìṣọ̀tẹ̀ ńlá wọn ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 1989, òun ni Jean-Paul Goude gbé orin ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ ọjọ́ náà lé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó wọ̀ wá lákínyẹmí ara jù lọ ni ti ọdún 1986. Ní 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà ti ju Fela Aníkúlápó Kútì sẹ́wọ̀n. Nígbà tí ó ṣì wà lẹ́wọ̀n, pirodúsà ará Amẹ́ríkà kan, Bill Laswell, mú téèpù Army Arrangement, ó kó àwọn mìíràn wá ta ohun èlò sí i, ó sì tún un tò láìsí Fela níbẹ̀. Fela jáde lẹ́wọ̀n ní 1986. Àwo tí ó gbé jáde lọ́dún náà ni Teacher Don't Teach Me Nonsense, tí ó ń ta ko àwọn òyìnbó tí wọ́n ń ṣe olùkọ́ lé ìjọba Áfíríkà lórí. Wally Badarou ni pirodúsà rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé lórí àti ọmọ Benin tí Faransé jọba lé lórí pàdé nínú àwo kan ṣoṣo. Ẹnubodè tí òyìnbó fà kò dá wọn dúró.

Ó kù ọ̀rọ̀ Level 42 àti ti owó. Àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1981, Badarou sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń ya fọ́tò, ènìyàn mẹ́rin ni. Bí wọ́n bá ń lọ ṣeré káàkiri, ènìyàn mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n nínú sítúdíò, márùn-ún ni wọ́n. Kò di ọmọ ẹgbẹ́ rárá, síbẹ̀ wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ nínú orin wọn. Nínú World Machine ti 1985 àti Running in the Family ti 1987, wọ́n kọ ọ́ mọ́ ti pirodúsà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ kíkọ orúkọ yìí. Ẹni tí wọ́n háyà máa ń gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀dá orin ní ẹ̀tọ́ sí owó nígbàkigbà tí rédíò bá lò ó, tàbí tí ẹlòmíràn bá gé e lò. Ní 1984, Badarou gbé àwo tirẹ̀ jáde, Echoes, tí orin kan tí ń jẹ́ “Mambo” wà nínú rẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Massive Attack, ẹgbẹ́ kan ní ìlú Bristol, gé “Mambo” fi ṣe ìpìlẹ̀ orin wọn “Daydreaming”, tó wà nínú àwo Blue Lines ti 1991. Orin tí àwọn ọmọdé Bristol sọ di tuntun, ó ní bàbá, orúkọ bàbá náà sì wà ní àkọsílẹ̀.

Ẹ wá fi wé ti ilé. Papillon kú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní 2008 ni ilé iṣẹ́ Analog Africa ti Jámánì kó àwọn orin Poly-Rythmo àtijọ́ jọ sínú The Vodoun Effect, tí ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló ta gìtá yìí. Onígìtá náà kò sí láyé mọ́ láti dáhùn. Bí kì í bá ṣe ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù àti lẹ́tà kéékèèké ẹ̀yìn páálí, ọwọ́ rẹ̀ ìbá wà, orúkọ rẹ̀ ìbá sì ti sọnù.

Lónìí, páálí gan-an kò sí mọ́. Orin ti wọnú fóònù, orúkọ akọrin nìkan ni a sì sábà máa ń rí. Nítorí náà ni a ṣe ń bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà to orin nínú yàrá yín. Kí ẹ tó jáde ní sítúdíò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ṣẹ̀dá orin, ta ló kọ ọ́, ta ló ta gìtá, ta ló darí iṣẹ́, ọjọ́ wo. Kí gbogbo yín sì buwọ́ lù ú. Ní Benin, òfin 2005-30 ti ọdún 2006 dáàbò bo ẹni tó ṣẹ̀dá orin, ó sì mọ ẹ̀tọ́ ẹni tó ta ohun èlò sí i pẹ̀lú. BUBEDRA ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o. Òfin kò lè jà fún ẹni tí kò sí orúkọ rẹ̀ níbì kankan.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí àwo àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí yín, ẹ gbé e jáde. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà, kí ẹ ka àwọn orúkọ kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sí etí àwọn ọmọ yín. Ẹni tó ta gìtá níbi ìgbéyàwó yín náà, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn olórin wa sí.